Ìpín (partition) recovery pòórá lẹ́yìn tí wọ́n fi Windows tuntun sí láptọ́ọ̀pù mi: ṣé ó ṣe é dá padà?

Adùnní Ẹ̀gbá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. HP tokunbo ni mo ń lò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ jù, mo gbé e fún oníṣẹ́ kan ládùúgbò wa, ó nu gbogbo rẹ̀, ó sì fi Windows 11 sí i. Ó ń sáré dáadáa báyìí, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, tí mo bá ṣí This PC, mo máa ń rí D tí wọ́n kọ RECOVERY sí lára. D ti di àwátì. F11 náà, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, kò ṣe nǹkan kan mọ́. Mo bi oníṣẹ́ náà léèrè, ó ní òun fi ààyè yẹn kún C fún mi ni.

Ṣé ó ṣe é dá padà? Àti pé, ṣé mo tiẹ̀ nílò rẹ̀? Aránṣọ ni mí, ìwọ̀n gbogbo kọ́sítọ́mà mi wà nínú ẹ̀rọ yìí. Mi ò fẹ́ kó di pé ọjọ́ tí Windows bá tún kọ̀, mo tún máa sáré lọ bá oníṣẹ́.

Bàbá Láptọ́ọ̀pù

Adùnní, ẹ ǹlẹ́ o. Ohun méjì làwọn èèyàn ń pè ní recovery, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

D tí ẹ̀ ń rí tẹ́lẹ̀ yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló gbé e síbẹ̀. Odidi Windows bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ jáde ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn driver àti àwọn ètò tiwọn. Ó máa ń gba GB 10 sókè. Òun ni F11 ń pè. Tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, Windows ò lè tún un kọ́, torí kì í ṣe Windows ló ni ín.

Èkejì kéré, kì í sábà tó GB 1, kò sì ní lẹ́tà, nítorí náà ẹ ò ní rí i nínú This PC bó tiẹ̀ wà níbẹ̀. Microsoft ló ni ìyẹn. Fáìlì kan tó ń jẹ́ winre.wim ló ń gbé inú rẹ̀. Tí Windows bá kọ̀ tí kò tàn, òun ló ń gbé ojú búlúù yẹn wá: Troubleshoot, Startup Repair, Command Prompt, Reset this PC. Èyí gan-an lẹ nílò, ó sì ṣe é tún kọ́ láìná kọ́bọ̀, yàtọ̀ sí owó dátà.

Ti ilé-iṣẹ́ yẹn, èmi ò ní sunkún lé e lórí. Windows inú rẹ̀ ti gbó. Tí ẹ bá fi F11 dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní, update ọdún mélòó kan ló máa jẹ dátà yín tán. Reset this PC ti ayé òde òní ò sì nílò rẹ̀. Láti Windows 10 ló ti ń fi àwọn fáìlì tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì tún lè lọ fa tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá yan Cloud download.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé product key yín bá D lọ. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń kọ ọ́ sínú mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ Windows àti X pọ̀, ẹ mú Terminal (Admin), kí ẹ wá kọ èyí:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Tó bá gbé nọ́ńbà jáde, ti yín nìyẹn, ẹ má kọ ọ́ síbí o. Tó bá dákẹ́, ẹ wo Activation nínú Settings. Bó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé digital license ló ń lò, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ kọ reagentc /info kí ẹ sọ ohun tó bá fèsì fún wa.

Adùnní Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé gan-an, sà. Nọ́ńbà jáde. Èsì reagentc nìyí:

Windows RE status: Disabled
Windows RE location:

Iwájú location yẹn ṣófo. Nínú Disk Management, EFI tó jẹ́ MB 100 àti C nìkan ni mo rí.

Gbádégẹṣin

Ẹ̀gbọ́n ti tú u palẹ̀. Èsì yẹn túmọ̀ sí pé ìpín kékeré náà ti lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Windows tí ẹnìkan ti gé nǹkan kúrò lára rẹ̀ ni oníṣẹ́ yín lò. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú fláàṣì wọn, torí pé ó fúyẹ́, ó sì yára wọlé. Púpọ̀ nínú wọn kì í ní winre rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Terminal ti Windows 11, PowerShell ló máa ń ṣí, nítorí náà ẹ kọ cmd kí ẹ tẹ Enter, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣẹ tó tẹ̀ lé e yìí máa bá yín jà:

dir /a C:\Windows\System32\Recovery

Ẹ má gbàgbé /a, fáìlì náà máa ń fara pamọ́. Tí ẹ bá rí Winre.wim níbẹ̀, ẹ ti gba ọ̀nà àbùjá. Tí ẹ ò bá rí i, inú ISO Windows (fáìlì ńlá tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ) lẹ ti máa yọ ọ́. Orí ojú òpó Microsoft ni kí ẹ ti gbé ISO náà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó sì bá Windows tó wà lórí ẹ̀rọ yín dọ́gba: tó bá jẹ́ ẹ̀dà 24H2 lẹ ní, 24H2 ni kí ẹ gbé. Ó ju GB 5 lọ, nítorí náà dátà òru ni kí ẹ fi fà á. Ẹ fi 7-Zip ṣí ISO náà, ẹ wọ fódà sources, ẹ ṣí install.wim (tàbí install.esd), ẹ wọ fódà 1, lẹ́yìn náà Windows, System32, Recovery. Winre.wim ń dúró dè yín níbẹ̀. Ẹ dà á kọ sínú fódà Recovery kan náà lórí C yín.

Àjàní Amúnáwá

Kí Gbádégẹṣin tó mú yín wọ diskpart, ètò tí a fi ń pín hard disk, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìwọ̀n kọ́sítọ́mà yẹn, ẹ kọ́kọ́ dà á sí fláàṣì tàbí hard disk ìta. Lónìí. Bátìrì tokunbo òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbé. Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀ ń gé C kù, ọ̀rọ̀ á di ti oníṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ gbé e sórí UPS tàbí inverter, tàbí kí ẹ rí i pé bátìrì kún kó sì dúró. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kù díẹ̀.

Ohun kejì ni BitLocker. Windows 11 tuntun máa ń ti hard disk pa fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé, pàápàá láti 24H2. Ẹ kọ manage-bde -status C: kí ẹ wo Protection Status. Tó bá jẹ́ On, ẹ wá key rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nọ́ńbà 48 ni, inú àkáǹtì Microsoft yín ló máa ń wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé gidi, kì í ṣe sínú ẹ̀rọ kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ dá a dúró fúngbà díẹ̀:

manage-bde -protectors -disable C:

Ìyá Ìbejì London

Ọ̀rọ̀ BitLocker yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí à ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ará òkè òkun. Tí o bá fi àkáǹtì tìrẹ wọlé sórí láptọ́ọ̀pù tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ, key BitLocker yẹn, inú àkáǹtì tìrẹ ló ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá béèrè key nílé, ìwọ ni wọ́n máa pè láàárín òru. Fi àkáǹtì ẹni tó máa lò ó wọlé, tàbí kí o pa device encryption kí o tó dì í.

Níwọ̀n ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ibi yìí rọrùn, fi fláàṣì recovery sínú àpò láptọ́ọ̀pù náà kó bá a lọ. Fún HP, HP Cloud Recovery Tool wà ní Microsoft Store. Tí o bá tẹ Fn àti Esc pọ̀ lórí HP, nọ́ńbà ọjà tí o máa kọ sínú rẹ̀ yóò jáde. Dell ní OS Recovery Tool, Service Tag ló ń béèrè. Lenovo náà ní tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní Digital Download Recovery Service, serial number ló ń lò. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an lo máa fi ṣe é, Windows mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ ti tó. Fláàṣì GB 32 ni kí o lò kí o má bàa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Adùnní, tí D ilé-iṣẹ́ yẹn bá ń dùn ọ́ gan-an, ibẹ̀ lo ti lè rí arọ́pò rẹ̀.

Gbádégẹṣin

Àǹtí London, ẹ ṣeun. Adùnní, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ. C ò ní jẹ́ kí ìpín tuntun wọlé àfi tí a bá gé e kù díẹ̀. Nínú cmd tó ṣí yẹn náà:

diskpart
list disk
select disk 0
list partition

Ẹ dúró níbí kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ máa rí mẹ́ta, kì í ṣe méjì: System tó jẹ́ MB 100 (EFI tí ẹ rí yẹn ni, òun ni ẹ̀rọ fi ń tàn), Reserved tó jẹ́ MB 16 tí Disk Management kì í fi hàn, àti Primary ńlá. Primary ńlá yẹn ni C. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 3 ló wà níwájú rẹ̀, ẹ kọ 3. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ẹ kọ nọ́ńbà náà, ẹ má da tèmi kọ.

select partition 3
shrink desired=1024 minimum=1024
create partition primary id=de94bba4-06d1-4d40-a16a-bfd50179d6ac
gpt attributes=0x8000000000000001
format quick fs=ntfs label="Windows RE tools"
exit

Lẹ́tà gígùn yẹn ló ń sọ fún Windows pé recovery ni ìpín yìí, ẹ má kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ daakọ kí ẹ lẹ̀ ẹ́. Ìlà attributes ló ń jẹ́ kó fara pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì pa á rẹ́. MB 1024 lè dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n winre ń wú sí i bí update ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn náà:

reagentc /enable
reagentc /info

Ó yẹ kó di Enabled, kí location sì parí sí partition4\Recovery\WindowsRE.

Tí shrink bá kọ̀ pé kò sí ààyè nígbà tí ẹ mọ̀ pé ààyè wà, fáìlì tí kì í ṣípò ló dènà. Ẹ kọ powercfg /h off, ẹ pa System Protection fúngbà díẹ̀, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tún un ṣe.

Táíwò Alátùn-únṣe

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ TestDisk? Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wá ìpín tí wọ́n pa rẹ́ jáde. Format kì í nu inú hard disk tán. Ẹ̀yìn hard disk ni D ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà, Windows tuntun lè má tíì kọ nǹkan débẹ̀.

Bàbá Láptọ́ọ̀pù

Táíwò, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Adùnní fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀rọ rẹ̀ rú. C tuntun ti gun orí ibi tí D wà tẹ́lẹ̀. Tó bá tẹ Write nínú TestDisk, ìpín méjì máa du ilẹ̀ kan náà, C tó ń ṣiṣẹ́ sì lè lọ. Tẹ P kí o wo fáìlì inú rẹ̀, kí o sì dà wọ́n kọ sórí hard disk ìta: ìyẹn nìkan ni mo fara mọ́. Kódà tó bá rí gbogbo rẹ̀ padà, F11 lè má mọ̀ ọ́n mọ́, torí pé fáìlì tó ń júwe ọ̀nà fún un lórí EFI ti lọ nígbà tí wọ́n nu EFI. Tó bá jẹ́ SSD ni, ìrètí tún kéré sí i. TRIM ti máa ń sọ fún SSD pé kó pa ibi tí kò sí fáìlì mọ́ rẹ́ pátápátá.

Fọ́tò ìgbéyàwó tó bá sọnù, TestDisk tó bẹ́ẹ̀. Windows àtijọ́ tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kò tó ìjà.

Táíwò Alátùn-únṣe

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. SSD yẹn ni mi ò rò.

Ṣẹ̀yẹ Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà bá yín díẹ̀. Windows 10 ni tèmi. Ìpín recovery mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n update kan ń fún mi ní 0x80070643 láti ìgbà pípẹ́, kò wọlé títí wọ́n fi dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró.

Gbádégẹṣin

Ṣẹ̀yẹ, KB5034441 nìyẹn, January 2024 ló jáde. Ìpín náà ló kéré jù fún winre tuntun. Microsoft fúnra wọn sọ pé kí olúkúlùkù fi MB 250 kún un lọ́wọ́. Ọ̀nà kan náà ni: reagentc /disable kí fáìlì lè padà sórí C, kí ẹ gé C kù, kí ẹ pa ìpín recovery àtijọ́ rẹ́ nínú diskpart pẹ̀lú delete partition override, kí ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀ padà pẹ̀lú ààyè tuntun, kí ẹ wá /enable. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ẹ tó pa á rẹ́: ẹ̀yìn C gan-an ló gbọ́dọ̀ wà. Tó bá wà níwájú C, bíi ti àwọn Windows 10 àkọ́kọ́, ààyè tí ẹ gé ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kí ẹ ṣẹ̀dá tuntun lẹ́yìn C.

Àti pé àtìlẹ́yìn Windows 10 ti dópin láti October 14, 2025. Tí ẹ̀rọ yín bá lè gbé 11, ẹ gbé e lọ. Tí kò bá lè gbé e, Linux wà.

Ṣẹ̀yẹ Ìbàdàn

Linux kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọkọ nílé tó ń fi Excel ṣiṣẹ́.

Adùnní Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìṣẹ́jú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo da fáìlì mi sí hard disk ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ́kọ́ wo BitLocker, Off ni. Winre.wim ò sí níbẹ̀ bí Gbádégẹṣin ṣe sọ, mo fi dátà òru fa ISO. Diskpart lọ geere. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe /enable, ohun tó sọ fún mi ni pé "The Windows RE image was not found". Fáìlì náà sì wà níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i.

Gbádégẹṣin

Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ó wọ́pọ̀. Fáìlì ReAgent.xml tó wà nínú fódà Recovery kan náà ló ń rántí ibi tí winre wà tẹ́lẹ̀, òun ló ń ṣi ẹ̀rọ lọ́nà. Nínú cmd ti Admin:

ren C:\Windows\System32\Recovery\ReAgent.xml ReAgent.old
reagentc /enable

Windows á kọ tuntun fúnra rẹ̀. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi lẹ́tà R fún ìpín tuntun náà nínú diskpart (select partition 4, assign letter=R), ẹ ṣẹ̀dá fódà R:\Recovery\WindowsRE, ẹ da Winre.wim síbẹ̀, kí ẹ wá júwe rẹ̀ fún un:

reagentc /setreimage /path R:\Recovery\WindowsRE /target C:\Windows

Ẹ tún kọ reagentc /enable, kí ẹ wá fi remove letter=R gba lẹ́tà náà padà nínú diskpart.

Adùnní Ẹ̀gbá

Operation Successful! Ti àkọ́kọ́ yẹn náà ló ṣe é, mi ò dé orí R. Location ti kún: harddisk0\partition4. Ọlọ́run á ṣàánú fún yín.

Àjàní Amúnáwá

Ẹ kú oríire. Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi rí i. Ẹ di Shift mú kí ẹ tẹ Restart, kí ojú búlúù yẹn jáde, ẹ wọ Troubleshoot, ẹ wò ó, kí ẹ tẹ Continue padà jáde. Ẹ má tẹ Reset o! Tó bá jẹ́ pé ẹ dá BitLocker dúró, ẹ̀yin mìíràn tó ń tẹ̀ lé wa, ẹ fi manage-bde -protectors -enable C: dá a padà.

Níwọ̀n ìgbà tí winre ti wà, Create a recovery drive á ṣiṣẹ́ fún yín báyìí. Tí winre bá wà ní Disabled, kì í gbà. Ẹ wá a nínú Start, ẹ fi fláàṣì GB 32 tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ sí i, ó máa nu gbogbo rẹ̀. Ìpín tó wà lórí hard disk ò lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí hard disk fúnra rẹ̀ bá kú.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Èmi ń ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dell àtijọ́ ni tèmi, list disk mi ò ní ìràwọ̀ kankan lábẹ́ Gpt. Ṣé lẹ́tà gígùn yẹn náà ni mo máa lò?

Gbádégẹṣin

Rárá o. Tí kò bá sí ìràwọ̀ lábẹ́ Gpt, MBR ni, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń to ìpín sórí hard disk. Create partition primary id=27 ni kí ẹ kọ, kí ẹ fo ìlà gpt attributes. Gbogbo ìyókù bákan náà ni. Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìpín primary tó wà níbẹ̀: MBR ò gbà ju 4 lọ. Tó bá ti pé 4, ẹ má tíì gé nǹkan kan, ẹ fi àwòrán Disk Management yín ránṣẹ́ síbí ká wò ó.